Ẹ rọra ṣe é: bí iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nídìí barre ṣe ń tún ẹsẹ̀ oníjó ballet ṣe

Ẹni tó bá ń wo kíláàsì ballet fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ìmúra lásán ni èyí tí wọ́n ń ṣe nídìí barre, pé ijó gidi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀pá tí wọ́n dì mú yẹn ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́ ohun tó máa ṣe lọ́jọ́ tí kò ní sí nǹkan kan láti dì mú. Àwọn tó ń fi ballet jẹun ní Paris, ní London, ní Havana, ìdí barre ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, plié, ìyẹn títẹ orúnkún, tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ṣe náà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ ṣe.

Ẹni tó ti ń lọ sí kíláàsì ni mo kọ èyí fún: ẹni tó ti mọ ìdúró ẹsẹ̀ márààrún ti ballet, tí orúkọ àwọn ìgbésẹ̀ lédè Faransé kò ṣàjèjì sí, àmọ́ tó rí i pé ẹsẹ̀ òun kì í dáhùn bó ṣe yẹ. Ìwé kò lè gba ipò olùkọ́, torí olùkọ́ ló máa rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè rí. Ṣùgbọ́n kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò tó láti yí ìwà ẹsẹ̀ padà. Ilé lẹ ó ti parí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. A kì í ṣe é pẹ̀lẹ́ nítorí pé pẹ̀lẹ́ rọrùn. Pẹ̀lẹ́ le ju kíákíá lọ dáadáa. Tí ẹsẹ̀ bá yára jáde tó yára wọlé, ìyára yẹn á gbé e kọjá ibi tí kò ti lágbára, ojú ò sì ní rí i. Tí ẹ bá wá ka mẹ́rin kí ẹ tó dé ibi tí ẹ máa ń ka ẹyọ kan dé, gbogbo ibi tí ìbàdí ti yẹ̀, tí orúnkún ti rọ̀, tí ọwọ́ ti há mọ́ barre, á fara hàn. Ìdí tí a fi ń rọra nìyẹn: kí ẹ lè ká ara yín mọ́ ibi tí ẹ ti ń rẹ́ ara yín jẹ. Ẹni tó ń rọra ṣe é láìwá nǹkan kan ń fi àkókò ṣòfò ni, ì báà ṣe é fún wákàtí méjì.

Àṣà yìí ti pẹ́. Marie Taglioni, oníjó ballet tí wọ́n bí ní 1804, kò tíì jó níwájú èrò rí nígbà tí bàbá rẹ̀, Filippo, mú un jókòó ní Vienna, tó sì fi bí oṣù mẹ́fà tún un kọ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Lára iṣẹ́ náà ni pé kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìmira, kó máa kà títí dé ọgọ́rùn-ún kó tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. (Bàbá yẹn le o. Ẹ má ṣe é báyẹn.) Ní 1822 ó jáde síta, nígbà tó sì fi máa di 1832 kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Paris. Ní Rọ́ṣíà, Agrippina Vaganova, olùkọ́ ballet tí ilé ẹ̀kọ́ ballet ìlú St. Petersburg ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, kò jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi ọwọ́ kan di barre. Ọmọ náà á kọjú sí i, á fi ọwọ́ méjèèjì dì í, á sì ṣe ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ní wẹ́wẹ́ títí ara fi máa mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà Vaganova yìí ni a máa yá lò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ibi dúró, ẹ wá ohun dì mú

Barre tó wà ní kíláàsì máa ń ga tó 100 sí 107 sẹ̀ǹtímítà fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé máa ń wà ní nǹkan bí 80. Nílé, ohunkóhun tó bá sún mọ́ gíga yẹn tí kò ní mì ti tó: ẹ̀yìn àga onígi tó wúwo, káńtà ilé ìdáná, irin ojú fèrèsé. Àga rọ́bà kò ṣeé lò. Ẹ kàn fara tì í díẹ̀ báyìí, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ máa balẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé gíga rẹ̀ bá yín mu ni pé tí ẹ bá gbé ọwọ́ lé e, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀ díẹ̀, á sì wà nísàlẹ̀ èjìká, èjìká náà kò sì ní gbéra.

Ilẹ̀ pákó tó ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ló dára jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní. Lórí táìlì, ìbọ̀sẹ̀ á máa yọ̀. Bàtà ballet tàbí ẹsẹ̀ lásán ló sàn. Tí ẹ bá ní kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ ẹ, àmọ́ kí ẹ rí i pé kò ká sókè létí. Kápẹ́ẹ̀tì onírun kò dáa, torí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Gbogbo ohun tí a máa ṣe níbí, ẹsẹ̀ tí a fi dúró kì í kúrò nílẹ̀, nítorí náà sìmẹ́ńtì kò ní pa yín lára. Fífò ni kí ẹ má fò lórí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, Anthony Madu tó jó lórí ilẹ̀ líle ńkọ́? Lóòótọ́, ọmọ Leap of Dance Academy ni, ilé ẹ̀kọ́ tí Daniel Owoseni Ajala dá sílẹ̀ ní 2017 ní Àjàǹgbádì, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2020, fídíò tó ti ń jó nínú òjò, lórí ilẹ̀ líle, láìwọ bàtà, gba gbogbo ayé kan, òun fúnra rẹ̀ sì wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham lẹ́yìn náà. Gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ òjò. Èmi, ẹsẹ̀ tó fi dúró nígbà tó ń yí ni mò ń wò, torí ẹsẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ barre máa ń hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí fídíò yẹn lọ ń fò lórí kọnkéré lójoojúmọ́, ojúgun rẹ̀ ló máa san gbèsè náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹ gbé e lé barre níwájú ara díẹ̀, kó má bọ́ sẹ́yìn èjìká. Àtàǹpàkò kì í wọ abẹ́ ọ̀pá. Òkè ló ń wà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ wo èékánná yín. Tó bá ti funfun, ẹ ti ń fún barre pọ̀ nìyẹn, ó sì túmọ̀ sí pé ọwọ́ ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ẹsẹ̀ àti ikùn ṣe. Àyẹ̀wò tó dájú ni pé kí ẹ ṣí ọwọ́ kúrò lójijì, láàárín ìgbésẹ̀, láìsọ fún ara tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá gbọ̀n díẹ̀, kò burú. Tí ẹ bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá ló ń gbé yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìdúró, kí ẹsẹ̀ kankan tó mì

Ẹ kọ́kọ́ mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ rìn káàkiri, ẹ yí ọrùn ẹsẹ̀ po, ẹ gbé orúnkún sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi nína ara fún ìgbà pípẹ́ sí ìparí. Ẹran ara tí a bá nà tí a sì dì síbẹ̀ pẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ máa ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, agbára yẹn la sì fẹ́ lò.

Ẹ kọjú sí barre, ọwọ́ méjèèjì lórí rẹ̀. Ẹ to ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú gbọọrọ. Ẹ dúró lórí gìgísẹ̀, ẹ gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá yí itan síta láti inú ìbàdí, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ sí, ìdúró kìíní yín tòní nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó má fẹ̀ rárá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí eegun itan ló ń yí nínú ihò rẹ̀. Orúnkún ò ní irú ihò bẹ́ẹ̀, títẹ̀ àti nínà ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó tẹ orúnkún, tó ya àtẹ́lẹsẹ̀ títí ó fi di ìlà kan, tó wá na orúnkún padà, ó ń lọ́ orúnkún náà bí ẹni ń fún aṣọ ni. Àwọn tí ìbàdí wọn là tó láti ṣe ìlà kan gbọọrọ kò pọ̀, àwọn tó sì ń fipá ṣe é pọ̀ bí omi òjò.

Lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi mẹ́ta ló yẹ kó tẹ ilẹ̀: gìgísẹ̀, ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀, àti ìdí ọmọ ìka tó kéré jù. Tí ìwúwo bá dà sínú, kókósẹ̀ inú á ṣubú, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmì pé ẹ ti ya ẹsẹ̀ ju bí itan ṣe yí lọ nìyẹn. Ẹ dín in kù.

Ìdí kò gbọdọ̀ yọ sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ ká wọ abẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ kan sísàlẹ̀ ìdodo, ọ̀kan sí ẹ̀yìn ní ìbàdí, kí ẹ wá mí jáde gbọọrọ: egungun ìhà á sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ọrùn á gùn. Ẹ mí bẹ́ẹ̀ nígbà márùn-ún. Bí ẹ bá fo ibí yìí, gbogbo ohun tó kù á yẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: plié

Ẹ tan metronome lórí fóònù, ohun tó ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀ yẹn, ẹ gbé e sí 60. Ìyẹn ni pé kíkà kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orin lè rọ́pò rẹ̀ bó bá yá. Orin tó ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta ló bá plié lára mu jù. Ẹ má fi dùndún sí i. Ìdí á fẹ́ gbọ̀n, ìdí yẹn gan-an la sì ní kó dúró jẹ́ẹ́.

Demi-plié, ìyẹn títẹ orúnkún ní ìlàjì: ẹ sọ̀kalẹ̀ ní kíkà mẹ́rin, ẹ gòkè ní mẹ́rin. Orúnkún á máa lọ sókè ìka ẹsẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, kì í ṣubú sínú. Gìgísẹ̀ kì í gbéra. Ibi tó bá ti fẹ́ gbéra ni òpin yín, ẹ dúró ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má jókòó sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti dé ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa bọ̀. Gígòkè ló ṣe pàtàkì jù: ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ẹ fa inú itan méjèèjì súnmọ́ra títí wọ́n fi máa pàdé lókè. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́yìn gbọ́dọ̀ dúró kó tó dé ibi tó ti ń há.

Mẹ́rin ní ìdúró kìíní, mẹ́rin ní ìkejì, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti jìnnà síra. Grand plié, ìyẹn títẹ orúnkún wálẹ̀ pátápátá, ẹyọ kan kan tó, ìyẹn náà tí olùkọ́ yín bá ti kọ́ yín. Ẹ rántí pé ní ìdúró kejì, gìgísẹ̀ kì í gbéra rárá. Nínú àwọn tó kù, á gbéra níwọ̀nba, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ padà sílẹ̀ bí ẹ bá ń gòkè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: tendu, níbi tí iṣẹ́ wà

Bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa ráyè ṣe lọ́jọ́ kan, ẹ ṣe tendu, ìyẹn nína ẹsẹ̀ jáde láìjẹ́ kí orí ìka kúrò nílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú dégagé, tí ẹsẹ̀ ti ń bọ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, nínú grand battement, tí a ti ń ju ẹsẹ̀ sókè, àti nínú fífò. Ẹni tí tendu rẹ̀ kò mọ́, kò sí ohun tó máa mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ fi ọwọ́ òsì di barre, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Ìdúró kìíní la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdúró karùn-ún, níbi tí ẹsẹ̀ kan ti wà níwájú èkejì pátápátá, ṣì dúró ná. A fẹ́ na ẹsẹ̀ síwájú ní kíkà mẹ́rin.

Kíkà kìíní: gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ń wọ́ lọ nílẹ̀, gìgísẹ̀ kò tíì gbéra. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jalè nìyí; gìgísẹ̀ wọn ti fò kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé. Kíkà kejì: gìgísẹ̀ gbéra, ìdí àwọn ìka ṣì ń tẹ ilẹ̀, gìgísẹ̀ ló sì ń ṣáájú, bí ẹni pé ẹ fẹ́ fi inú rẹ̀ han ẹni tó wà níwájú. Kíkà kẹta: ìdí àwọn ìka ń bọ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ti àtàǹpàkò bọ́. Kíkà kẹrin: orí ìka nìkan ló kù, gbogbo wọn nà gbọọrọ, kò sí èyí tó ká bí èékánná àwòdì. Ẹ wo ìlà láti kókósẹ̀ dé orí ìka: tó bá ṣẹ́ sínú, ẹ tún un ṣe láti ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ dì í síbẹ̀ fún kíkà mẹ́rin. Nígbà tí ẹ dì í yìí, ẹ gbé orí ìka náà kúrò nílẹ̀ bí ìwé pélébé kan. Bí ara kò bá mì, ìwúwo wà lórí ẹsẹ̀ tó dúró, bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ní láti kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí ẹ tó lè gbé e, ẹ ti pín ara yín sí méjì.

Ìpadàbọ̀ ló kù, kíkà mẹ́rin mìíràn. Èrò tèmi ni pé ìpadàbọ̀ ni ballet. Gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ jáde. Ìgbà tó bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń sinmi, ìka á rọ̀, orúnkún á tẹ̀, ìbàdí á jókòó sórí ẹsẹ̀ tó dúró. Bó bá ń bọ̀ láti iwájú, ìka ẹsẹ̀ ló ń ṣáájú, gìgísẹ̀ á ṣì máa ti ara rẹ̀ síwájú kí itan má bàa yí wọlé. Ìdí ìka á kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni gìgísẹ̀, ẹ ó sì tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu ún mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá délé, ẹ dúró fún kíkà mẹ́rin. Ẹ má fo ìdúró yìí. Inú rẹ̀ lẹ ti máa bi ara yín léèrè pé: ìwúwo ti padà sórí ẹsẹ̀ méjèèjì àbí kò tíì padà?

Ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má lọ síbi tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ wà; ẹ lọ síbi tí ìdúró kìíní yín kọjú sí. Tí ẹsẹ̀ yín kò bá là tó ìlà gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ yín á wà níwájú díẹ̀, òun ni òótọ́. Sí ẹ̀yìn, ìka ló ń ṣáájú lọ, gìgísẹ̀ ló ń ṣáájú bọ̀, àyà ò sì gbọdọ̀ sáré ṣubú síwájú.

Iwájú ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin, ohun tí wọ́n ń pè ní en croix. Tí metronome bá wà ní 60, tendu kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 16, gbogbo rẹ̀ á sì gba ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ fún ẹsẹ̀ kan. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ẹsẹ̀ tó dúró ló kọ́kọ́ ń rẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń jáde wọlé. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bí ìdúró kìíní bá ti ń mọ́, ẹ lè gbìyànjú ìkarùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ orúnkún kí ẹsẹ̀ tó lè wọlé, ìdúró kẹta, níbi tí gìgísẹ̀ kan ti kan àárín ẹsẹ̀ kejì, ló tọ́ sí yín báyìí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: rond de jambe àti fondu

Rond de jambe, ìyẹn fífi orí ìka ya ìlàjì òbíríkítí nílẹ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ na ẹsẹ̀ síwájú, ẹ dúró. Ẹ fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ ní kíkà mẹ́rin, ẹ dúró. Láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀yìn ni wàhálà wà, torí ìbàdí á fẹ́ bá ẹsẹ̀ lọ. Ẹ dín ìyípo náà kù títí ìbàdí fi máa dákẹ́, kódà bó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣe yín bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀.

Fondu, ìyẹn títẹ orúnkún lórí ẹsẹ̀ kan tí ẹsẹ̀ kejì sì ká wá sídìí rẹ̀, òfin kan ṣoṣo ni: orúnkún méjèèjì jọ ń tẹ̀, wọ́n jọ ń nà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ dé. Èyí tó bá ṣáájú ti bà á jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: relevé, lẹ́yìn náà développé

Ẹ kọjú sí barre, ọwọ́ méjèèjì. Ẹ gòkè sórí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ní kíkà méjì, ẹ dúró fún méjì, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní mẹ́rin. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń kọ́ ọrùn ẹsẹ̀ lágbára, nítorí náà òun la fún ní kíkà tó pọ̀ jù. Lókè, ìwúwo máa wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Tó bá dà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ìka kékeré, kókósẹ̀ á yẹ̀ síta, bí ọ̀pọ̀ oníjó ṣe ń rọ́ lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Mẹ́jọ ti tó fún ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ lè fi kún un títí dé mẹ́rìndínlógún.

Développé, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a ká sókè tí a wá nà jáde, ni gbogbo èèyàn fẹ́ gbé sókè. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ ná, kó má kọjá ìwọ̀n dígírì 45. Kíkà mẹ́rin ni ẹ fi máa fa orí ìka láti ọrùn ẹsẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun títí dé orúnkún, mẹ́rin láti nà án, mẹ́rin láti dì í, mẹ́rin láti gbé e sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ kó já bọ́. Tí ìbàdí ẹ̀gbẹ́ yẹn bá gòkè bá ẹsẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ wálẹ̀ títí ìbàdí fi máa padà síbi tó wà. Ẹsẹ̀ tó ga tí ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀ kàn ń tan ojú jẹ ni, olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í kí i. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó.

Ẹ̀ẹ̀melòó, nígbà wo?

Ara ò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Èyí tí ẹ bá ṣe léraléra ló máa tọ́jú. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọgọ́rùn-ún tendu tí àwọn kan máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Tí mẹ́ta bá bàjẹ́ tẹ̀ léra wọn, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbọn ẹsẹ̀ dànù, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ó ti rẹ̀ yín ni tàbí ọkàn ló lọ sọ́jà. Tó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín, ó tó fún òní.

Ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Plié àti tendu kì í yẹ̀. Ẹ lè wá pín àwọn tó kù: rond de jambe àti fondu lọ́jọ́ kan, relevé àti développé lọ́jọ́ kejì. Enrico Cecchetti, olùkọ́ ballet ará Ítálì tó kú ní 1928, náà pín iṣẹ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀, kí ara má bàa máa ṣe ohun kan náà ní gbogbo ìgbà tí òmíràn á sì di ìgbàgbé. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ sídìí barre lọ́jọ́ kan. Bí òní bá jẹ́ ti ìka ẹsẹ̀ tó ń tètè rọ̀, òun náà ni kí ẹ máa wá láti plié dé ìparí, ẹ fi èjìká sílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹsẹ̀ tí kò lágbára, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kó má jẹ́ pé ìgbà tó bá ti rẹ̀ yín ló máa ń kan òun.

Dígí wúlò, àmọ́ ó máa ń fa orí kúrò ní ipò. Fóònù sàn jù: ẹ gbé e kalẹ̀ ní gíga orúnkún, kó jìnnà tó mítà méjì, ẹ ya ara yín láti iwájú, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹsẹ̀ tó dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ojú á fẹ́ sáré lọ bá èyí tó ń ṣeré.

Ìrora

Kí ẹran itan tàbí ẹ̀yìn ojúgun máa ro yín fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé inú orúnkún ló ń ta yín, tàbí iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ lẹ́yìn, tàbí iwájú ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń ṣe plié, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá wú, ẹ lọ rí dókítà. Kò sí ọ̀rọ̀ "ẹ fara dà á" kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bàtà tí wọ́n fi ń dúró ṣóńṣó lórí ìka kì í ṣe ohun tí ọmọ ń dán wò nílé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ kó tó pé bí ọdún 11 tàbí 12, ìyẹn náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan ní kíláàsì àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dá ìyára padà

Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ibùgbé. Bí tendu mẹ́rìndínlógún bá ti mọ́ ní ẹsẹ̀ méjèèjì láìsí èyí tó bàjẹ́, ẹ dín kíkà kù: méjì jáde, méjì wọlé, lẹ́yìn náà ọ̀kan jáde, ọ̀kan wọlé. Ìgbà yẹn ni ẹ tó máa sún metronome láti 60 lọ sí 72, kó tó di 84. Ẹ má sún méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Dégagé á wá wọlé fúnra rẹ̀, torí tendu tó yá tó sì bọ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀ ni. Ní ìparí ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí kíkà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ìyára ti jí nǹkan kan gbé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ kúrò: ìka méjì péré lórí barre fún ọ̀sẹ̀ kan, ìka kan, lẹ́yìn náà ọwọ́ á wà lófuurufú lókè rẹ̀. Ẹ wá rìn wá sí àárín yàrá, ẹ gbé metronome padà sí 60, ẹ ṣe tendu kan náà en croix láìdi nǹkan kan mú. Bí ìbàdí bá yẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ padà sídìí barre, ẹ ṣe ẹ̀yìn nìkan lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ tún jáde wá gbìyànjú ẹ̀.